Oúnjẹ Àárọ̀ Níta Nílùú Ìbàdàn: Láti Ìdí Àkàrà Dé Ìdí Àmàlà

Nínú oríkì Ìbàdàn, wọ́n ní ọmọ a-jòro-sùn, ọmọ a-jẹ̀gbín-yó, ọmọ a-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu. Fọ́rí tí wọ́n ń wí yẹn, ẹ̀kọ tútù tí wọ́n fọ́ sínú omi ni. Ìlú tó ti ń fi ìkarahun mu ẹ̀kọ kó tó ní àwo, ẹ ò lè kọ́ ọ ní oúnjẹ àárọ̀. Títí dòní, bí ẹ bá jáde ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ì báà jẹ́ Bẹẹrẹ, ì báà jẹ́ Òjé tàbí Mọ́kọ́lá, èéfín ìdí àkàrà ni yóò kọ́kọ́ kí yín.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń jẹun níta láàárọ̀ tí kò gbádùn rẹ̀. Wọ́n á débẹ̀ nígbà tí àkàrà ti tutù, wọ́n á ra ẹ̀wà tí wọ́n ti bomi là, wọ́n á jẹ àmàlà tó ti ń làágùn nínú ọ̀rá, wọ́n á wá ní oúnjẹ ìta kò dáa. Oúnjẹ ìta kò ní ẹ̀bi. Wákàtí tí ẹ débẹ̀ ló ń ṣe é, àti bí ẹ ṣe wo ìdí iná tó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ kọ́kọ́ ro ohun tí ọjọ́ náà máa fi yín ṣe. Ẹni tó fẹ́ jókòó sí ìpàdé ní agogo mẹ́wàá, tó wá lọ fi ẹyọ àmàlà mẹ́ta sínú ní agogo mẹ́sàn-án, oorun ló ń ránṣẹ́ pè. Ẹni tó fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Èkó kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀wà àgànyìn ṣe àjẹyó, torí epo inú rẹ̀ pọ̀, awakọ̀ kì í sì í dúró níbi tí inú bá ti ń run èèyàn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀, ife ẹ̀kọ mímu kan àti àkàrà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó wọn, tàbí mọ́ínmọ́ín kan pẹ̀lú ẹ̀kọ méjì. Àmàlà àárọ̀, ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ ìsinmi ni kí ẹ fi sí.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Olóúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọjà kalẹ̀ kò tíì ní ṣéńjì, ẹ sì lè dúró títí àkàrà yín á fi tutù lórí owó ńlá kan. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ fẹ́ ti fi owó ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó bu oúnjẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí owó á fi wọlé. Ẹ má gbèrò àwìn rárá. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í ta àwìn láàárọ̀, pàápàá fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dúró níwájú ọjà, torí wọ́n gbà pé bí ọjà ọjọ́ náà yóò ṣe rí nìyẹn.

Ẹ fi abọ́ olómorí kan àti ṣíbí sínú báàgì. Ìlò rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Wákàtí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan

Mẹ́ṣáì, Hausa tó ń ta tíì, ló ń kọ́kọ́ jí. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, iná rẹ̀ ti ń jó. Àkàrà àti ẹ̀kọ mímu tẹ̀ lé e, láti nǹkan bí agogo mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Ẹ má sáré jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nídìí àkàrà: epo kì í tíì gbóná dáadáa nígbà tí wọ́n bá da ti àkọ́kọ́ sí i, torí náà èyí yẹn máa ń mu epo. Ìdáná ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn jù.

Ẹ̀wà àgànyìn, agogo méje sí mẹ́sàn-án. Tó bá ti kọjá mẹ́wàá, ìdí ìkòkò ni wọ́n ń há, òórùn èyí tó jóná nísàlẹ̀ á ti wọ inú rẹ̀, ẹlòmíràn á sì ti bomi là á kó lè pọ̀. Àmàlà ò kí ń yá bẹ́ẹ̀. Ibi tó dáa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ, àmọ́ agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àbọ̀ ni kí ẹ débẹ̀: ẹran ti rọ̀, gbẹ̀gìrì ṣì tuntun, èrò ọ̀sán ò sì tíì dé láti wá ṣa gbogbo ṣàkì lọ.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìṣirò yìí máa ń yí padà. Lóṣù Rámádáànì, ọ̀pọ̀ alákàrà ń gbé ọjà wọn lọ sí ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó fẹ́ ṣínu. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lè má jáde rárá. Níbi tí wọ́n bá sì ṣì ń ṣe ìmọ́tótó àyíká ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹ jẹ́ kí ó parí kí ẹ tó jáde.

Nídìí àkàrà

Ẹ má rà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ kí ìyá alákàrà, "Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ kú ọjà, ajé á wọ igbá o," kí ẹ wá rọra dúró bí ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì yìí lẹ fi ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ṣé ó ń lu ẹ̀wà lílọ̀ náà kó tó bu òmíràn sínú epo? Afẹ́fẹ́ tó wọ inú ẹ̀wà nígbà tí wọ́n ń lù ú ló ń jẹ́ kí àkàrà wú, kó sì fúyẹ́. Bí ó bá jókòó sójú kan láìlù, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde, àkàrà á tẹ́ pẹrẹsẹ bí bisikíìtì. Iyọ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Alákàrà tó mọṣẹ́ kì í da iyọ̀ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí iyọ̀ máa ń jẹ́ kó ṣomi tó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba tó fẹ́ dín ló ń bù sínú abọ́ kékeré, ibẹ̀ ló ti ń fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i. Bí ẹ bá rí abọ́ kékeré yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ńlá, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bó ṣe ń ṣe nínú epo. Tó bá bu ṣíbí kan sí i, ó yẹ kó rì díẹ̀ kó sì yọ sókè kíá pẹ̀lú ìfófòó wẹ́wẹ́ yí i ká. Tó bá rì tó dúró sísàlẹ̀, epo kò gbóná, yóò mu epo yó. Tó bá pọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, iná ti pọ̀ jù: ẹ̀yìn rẹ̀ á jóná, inú á funfun, á tutù, á sì máa lẹ̀ mọ́ eyín. Àkàrà tí inú rẹ̀ kò jiná máa ń run inú o. Ẹ dá a padà, kí wọ́n tún un dà sínú epo.

Àwọ̀ epo fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òróró tuntun mọ́ gaara. Èyí tó dúdú bí kọfí, tó ń fófòó títí dé etí agbada, tí èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú, ti ọjọ́ mẹ́ta ni, ẹ kọjá lọ. Epo pupa ò ṣeé fi àwọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Imú lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Àkàrà tí wọ́n fi epo pupa dín ṣì wà fún ẹni tó bá wá a, adùn rẹ̀ sì wúwo ju ti òróró lọ. (Àwọn èèyàn wa tó dé Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil kò jẹ́ kí ti epo pupa parun. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà nílùú Salvador, epo pupa náà ni wọ́n ṣì fi ń dín in. Ṣùgbọ́n ọ̀sán sí alẹ́ ló pọ̀ jù tí wọ́n ń tà á níbẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ tó ń wá a láàárọ̀ kùtù yóò dúró pẹ́.)

Ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo kí ẹ fọ́ ọ wò. Àkàrà ẹ̀wà gidi máa ń já, inú rẹ̀ á ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Èyí tó ń fà bí búrẹ́dì, fúláwà ti wọ inú rẹ̀. Ojú ẹ̀wà dúdú díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe àbùkù o. Ó kàn sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi bó ẹ̀wà, kò sì sẹ́ni tó lè bó o mọ́ tán.

Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé abọ́ yín jáde. Bébà ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ fi ń pọ́n àkàrà, epo gbígbóná á sì fa yíǹkì lára rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu náà kò dáa: ooru inú rẹ̀ á di omi, èèpo àkàrà tó ń dún lẹ́nu á di rírọ̀ kí ẹ tó délé. Ẹ má de abọ́ náà pa. Ní ti èènì, ẹ lè béèrè tí ọjà tí ẹ rà bá jọjú, tí ẹ kì í sì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ra àkàrà mẹ́ta tó ń béèrè èènì, ìyá alákàrà á wò ó, ohun tó bá rò sì máa kù sí ikùn rẹ̀.

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín

Ẹ̀kọ mímu tó dáa kì í ní kókó. Kókó túmọ̀ sí pé omi tí wọ́n dà sí ògì kò hó tó. Ẹ gbé ṣíbí sókè: ó yẹ kó máa já bọ́ bí okùn, kó má dà bí omi, kó má sì lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Kíkan díẹ̀ dára, nítorí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń rẹ àgbàdo kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá kan débi pé ó ń fa ojú pọ̀, wọn kò pààrọ̀ omi rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ti ọkà bàbà wà. Pupa ni, ó sì máa ń mú inú le ju ti àgbàdo funfun lọ.

Ohun kan wà tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: ẹ̀kọ tó ki nígbà tí wọ́n gbé e wá, tó wá di omi kí wọ́n tó mu ún dé ìdajì. Wọ́n á ní olóúnjẹ ti rẹ́ àwọn jẹ. Itọ́ ẹnu ló fà á. Bí ṣíbí tó ti wọ ẹnu bá ń po ẹ̀kọ lemọ́lemọ́, itọ́ á tú u. Ẹ po ṣúgà àti mílíìkì pọ̀ kí ẹ tó fi ẹnu kan ṣíbí, lẹ́yìn náà ẹ máa bù ú láti ẹ̀gbẹ́ láìpò ó mọ́. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó má mu ẹ̀kọ nìkan. Kí ife rẹ̀ kéré, kí mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà tẹ̀ lé e, kí ó sì fi ṣúgà sílẹ̀.

Ẹ̀kọ tútù tó jẹ́ ojúlówó, inú ewé eéran ni ẹ ó ti bá a. Tí ẹ bá ṣí i, ó yẹ kó yọ lára ewé láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Bí omi bá ti sun sínú ewé, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ti àná ni.

Mọ́ínmọ́ín náà, ewé ni kí ẹ wá. Òórùn ewé wà lára adùn rẹ̀, ti inú agolo tàbí ọ̀rá kò ní i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn ewé: kó le díẹ̀ kó sì padà sípò. Bí ìka bá wọlé, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Gbígbóná kò fi hàn pé tuntun ni, torí wọ́n lè gbé ti alẹ́ àná padà sórí iná. Ẹ ya ewé rẹ̀ díẹ̀. Tó bá ń fà bí ilá tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ dá a padà láìtiju. "Ẹlẹ́mìí méje" tí àwọn olóúnjẹ ń pariwo, ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n: "Mà, kí ló wà nínú rẹ̀ lónìí?" Ẹyin, ẹja, edé, ẹran agolo, ohun tí wọ́n bá dárúkọ ni ẹ ń san owó lé lórí. A ti rí ẹlẹ́mìí méje tó jẹ́ ìdá mẹ́rin ẹyin ni gbogbo ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì

Àgànyìn ni Yorùbá ń pe àwọn ará etíkun ìhà Tógò, Benin àti Gánà, àwọn obìnrin wọn ló sì gbé ọbẹ̀ yìí wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀wà náà kò ní agídí: wọ́n sè é rọ̀ títí wọ́n fi lè fi ẹ̀yìn ìgbakọ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ata gbígbẹ tí wọ́n gún, kì í ṣe èyí tó kúnná, pẹ̀lú àlùbọ́sà púpọ̀, nínú epo pupa tí wọ́n ti yọ́ títí pupa rẹ̀ fi ń ṣí, ni wọ́n máa ń dín lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúdú, tí epo á sì léfòó. Dúdú ni, kì í ṣe jíjóná. Ààlà àárín méjèèjì tín-ín-rín, ibẹ̀ ni ẹ ti ń mọ olóúnjẹ. Ẹ ní kí wọ́n kán díẹ̀ sí yín lọ́wọ́ tọ́ wò: èyí tó dáa ta, ó sì ní adùn àlùbọ́sà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ṣúgà lábẹ́ títa rẹ̀. Èyí tó korò, ata rẹ̀ ti jó.

Ìgbakọ méjì ẹ̀wà sí ṣíbí ọbẹ̀ kan ti tó ẹnì kan. Epo ló máa ń wà lókè ìkòkò ọbẹ̀, ata àti àlùbọ́sà á sì wà nísàlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kedere: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bù ú látìsàlẹ̀, ẹ dín epo kù." Bí ẹ kò bá sọ ọ́, epo lẹ máa jẹ, inú á sì sọ ọ́ fún yín kó tó di ọ̀sán. Ẹ fi eyín tọ́ ẹ̀wà náà wò pẹ̀lú. Tó bá ṣì ń ṣe ṣákaṣàka lẹ́nu, kò jiná, ẹ má jẹ ẹ́.

Búrẹ́dì, ẹ lọ rà á lọ́tọ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní búrẹ́dì Agége, tí a kò gé, tó ki, tó ń fà, òun ló bá ẹ̀wà yìí mu. Búrẹ́dì gígé máa ń fọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: tuntun máa ń wú padà, ti ìjẹta á wà ní títẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ya á, kì í ṣe ọ̀bẹ, kí ẹ fi inú rírọ̀ rẹ̀ kó ẹ̀wà. Èèpo rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ̀yìn, kí ẹ fi nu àwo. (Ẹni tí wọ́n fi ń pe ọba búrẹ́dì ní Nàìjíríà láyé àtijọ́, ọmọ Jàmáíkà ni: Amos Shackleford, tó dé Èkó lọ́dún 1913 láti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, tó wá bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ṣíṣe lọ́dún 1921. Torí náà, àwo ẹ̀wà àgànyìn kan, ọwọ́ àjèjì méjì ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tó jẹ́ tiwa jù ú lọ.)

Lọ́dọ̀ mẹ́ṣáì

Sábó ni ilé wọn, àmọ́ wọ́n wà káàkiri. "Màlámù" ni kí ẹ pè é. "Àbókí" tí ọ̀pọ̀ ń pè wọ́n, ọ̀rẹ́ ló túmọ̀ sí ní Hausa, ṣùgbọ́n bí àwọn kan ṣe ń pè é ti bà á jẹ́. "Ina kwana" ni ẹ káàárọ̀ tiwọn. Ẹ kí i bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ á kọ́kọ́ dé kí tíì tó dé.

Ẹ sọ ti ṣúgà kí ó tó gbé ife. Bí ẹ bá dákẹ́, yóò da ṣúgà bí ẹni pé ẹ ń lọ sóko. Ẹ ní kó já agolo mílíìkì tuntun bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀ fún eṣinṣin. Dída tíì láti ife dé ife kì í ṣe eré lásán: ó ń tù ú, ó sì ń gbé fófòó rẹ̀ sókè. Ẹyin, kí ó fọ́ ọ lójú yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife kó tó dà á pọ̀, nítorí ẹyin kan tó bàjẹ́ ń ba mẹ́ta jẹ́. Ẹ ní kí ó dín in jiná dénú.

Nídìí àmàlà

Ìdí èyí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ tẹ́tí. Níbi tó dáa, ẹ máa gbọ́ ọmọorógùn tó ń lu ìkòkò lẹ́yìn ilé, torí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rò ó láti àárọ̀. Ibi tó bá dákẹ́ rọ́rọ́, tó jẹ́ inú kúlà nìkan ni wọ́n ti ń yọ àmàlà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ti rò ó. Ẹ wo àwọn tó ń jẹun pẹ̀lú: bí awakọ̀, mẹkáníìkì àti òṣìṣẹ́ ìjọba bá jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, oúnjẹ ibẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀, ìyẹn ni pé tuntun ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ tètè mọ èyí tí ẹ fẹ́. Àmàlà dúdú, èlùbọ́ iṣu ni. Láfún, ẹ̀gẹ́ ni, ó funfun, ó sì máa ń tètè le. Àbùlà ni orúkọ àpapọ̀ gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata. Gbẹ̀gìrì tuntun pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì kúnná; òun ló ń tètè kan jù nínú gbogbo ọbẹ̀ wa. Bí ẹ bá rí ìfófòó wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀ nígbà tí kò sí lórí iná, ẹ ní ewédú nìkan lẹ fẹ́. Ewédú yẹ kó ṣì tutù yọ̀yọ̀ lójú, kó sì máa fà. Tó bá ti ń pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó ti pẹ́ lórí iná.

Ẹran ló ń gba owó, kì í ṣe àmàlà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn máa na ìka sínú ìkòkò, "ẹ fún mi ní ìyẹn, ẹ fi ìyẹn sí i," kí wọ́n tó ṣírò owó fún un. Ẹ béèrè iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Fùkù ló dínwó jù, ó sì máa ń rọ̀ láàárọ̀. Ṣàkì, ẹ wo àárín ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀: bí dúdú tàbí yanrìn bá wà níbẹ̀, wọn kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìfun àti abọ̀dí, òórùn wọn lẹ máa fi mọ̀ wọ́n. Bọ̀kọ́tọ̀ máa ń pẹ́ lórí iná púpọ̀, torí náà láàárọ̀, àfi kí ẹ ní kí wọ́n fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Tí kò bá rọ̀, ó di ọ̀sán. Ògúnfe dùn, àmọ́ owó rẹ̀ lè mú kí ẹ gbàgbé adùn.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ fún mi ní àmàlà kan, àbùlà, ẹ má jẹ́ kí ata pọ̀, ẹ fi ṣàkì kan àti fùkù kan sí i." Àmàlà ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, bí ebi tilẹ̀ ń pa yín. Tí ẹ bá gba méjì lẹ́ẹ̀kan, èkejì á ti tutù, á ti le kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí àkọ́kọ́ bá ń tán lọ, kí ẹ wá pè pé "ẹ bá mi fi àmàlà kan sí i", èyí tó ń bọ̀ á gbóná fẹlifẹli. Ọbẹ̀ àfikún, wọ́n máa ń bù ú fún oníbàárà tó bá fi ẹnu tó dáa béèrè.

Omi tó ń ṣàn láti inú kẹ́tù tàbí ẹ̀rọ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ yẹra fún abọ́ tí ọwọ́ mẹ́wàá ti wọ̀. Òkèlè àkọ́kọ́, kí ó kéré, kí ẹ fi ahọ́n yí i kí ẹ tó gbé e mì. Tó bá ní yanrìn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sá èlùbọ́ náà sí, kò sí ọbẹ̀ tó lè tún un ṣe. Bí ẹ bá bá kókó nínú rẹ̀, ẹ gbé e padà ní kíákíá, nígbà tí ohun tó wà nínú àwo ṣì pọ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ dé ìdajì tó wá ń ráhùn, kò sí ìyá olóúnjẹ tó máa dá a lóhùn. Jẹ́jẹ́ ni kí ẹ sì sọ ọ́, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí." Ohùn líle níwájú èrò a máa ba ọjà wọn jẹ́, wọn ò sì ní gbàgbé ojú yín.

Orí bẹ́ńṣì kan náà lẹ jọ máa jókòó pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Bí ẹ bá bá ẹnì kan lórí oúnjẹ, ẹ kí i, "Ẹ kú oúnjẹ o." Tó bá ní "Ẹ wá jẹun," kì í ṣe pé kí ẹ na ọwọ́ o. "A dúpẹ́, á gba ibi ire" ni èsì rẹ̀. Bí èrò bá ń dúró láti jókòó, ẹ má tún fi fóònù jókòó tì àwo òfìfo.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé

Abọ́ yín náà ló tún wúlò níbí. Ẹ gba gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀, gbẹ̀gìrì tó kan á ba ìyókù jẹ́. Àmàlà, ewé ló yẹ kí wọ́n fi wé e. Tó bá jẹ́ ọ̀rá, ẹ tú u kété tí ẹ bá délé kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Gbẹ̀gìrì gbọ́dọ̀ padà sórí iná kó tó di agogo méjì ọ̀sán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ dà á nù. Àkàrà, tí ẹ bá fẹ́ mú un gbóná, inú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré ni, láì dé e, láìfi epo sí i mọ́. Mọ́ínmọ́ín, nínú ewé rẹ̀, lórí omi tó ń hó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọbẹ̀ àgànyìn nìkan ni kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà: ẹ gbé e kaná lálẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dé e, tó bá di ọ̀la á tún dùn ju ti òní lọ, búrẹ́dì tuntun nìkan lẹ máa jáde lọ rà.